Ìwé Tí Àkọ́bí Mi Jẹ

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rà fún àkọ́bí mi, ó jẹ ẹ́ ni. Mi ò pa òwe o. Ó fi í sẹ́nu, ó rún un, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì. Ọmọ oṣù méje ni nígbà náà. Mo wà nídìí máṣìnì, mò ń so ọwọ́ mọ́ bùbá oníbàárà kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ re ìgbéyàwó ní Ìyàrá lọ́jọ́ kejì. Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ki ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n lè ráyè. Ilé pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé bí ọmọ tó ń rá bá dákẹ́ jù, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè ké. Mo rí etí bébà tó yọ síta létè rẹ̀, mo fà á, ọ̀kan jáde. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan mi, mo gbá a lẹ́yìn, èkejì bọ́ sílẹ̀ tòun titọ́. Ìgbà náà ló tó figbe ta. Mo tẹ́ bébà tútù náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi: lẹ́tà "I" ni, pẹ̀lú ìlàjì ilé yìnyín.

Ìyé gbọ́ igbe náà láti ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìyé là ń pe ìyá. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n rẹ̀ ẹ́ títí tó fi dákẹ́, kí wọ́n tó bi mí ní ohun tó jẹ. Mo ní ìwé ni. Wọ́n gba bébà yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Kí ni wọ́n yà síbí?"

"Ilé ni, Ìyé. Yìnyín ni wọ́n fi kọ́ ọ."

"Ta ní ń gbénú ẹ̀?"

"Àwọn kan ni, níbi tí òtútù ti pọ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà wá fowó ra èyí fún ọmọ Kábà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo ka ara mi sí ẹni tó mọ̀wé. Mo gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní Òkènè kí n tó rí i pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló máa bọ́ mi. Lọ́kọ́jà ni mo ti ra ìwé náà lọ́jọ́ tí mo lọ ra láínì àti sípù. Owó aṣọ méjì tí mo rán ni mo kó lé e. Ó ń dán gbinrin. Ó fẹ̀ débi pé ọmọ lè jókòó lé e. Èrò mi ni pé bí mo bá ti ń fi ABC sí i lójú láti kékeré, ó máa mú un lọ́kàn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún ìwé yẹn ṣí, kí n fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán 26 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo wá ń ka èyí tí ọmọ mi lè bá pàdé láàárín ojúlé wa sí ọjà: ajá, ẹyin, ẹja, ológbò, ewúrẹ́, fìlà, agbòòrùn. Méje. Ìyókù, ápù, yìnyín, ọkọ̀ ojú omi aláṣọ, àti ohun èlò orin kan báyìí tí èmi gan-an ò rí rí, ó di ọjọ́ tó bá wọ bààlúù. Bébà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ọmọ oṣù méje kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Ohun tó mọ̀ ni kó fà á, kó jù ú, kó tọ́ ọ wò.

Ti bébà kọ́ ló burú jù. Ẹni tó máa kà á ni mi ò rò. Èmi ń ránṣọ láti òwúrọ̀ títí iná á fi lọ. Bàbá àwọn ọmọ ń kọ́ni ní Mopa, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Ìyé ni ọmọ ń wà lọ́wọ́ wọn. Ìyé sì mọ̀wé, ẹ má ṣì mí gbọ́: wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá wọn láràárọ̀, ìka á wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, ètè á máa mì. Bíbélì yẹn, tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, nìkan ni ìwé tí wọ́n ti kà láti páálí dé páálí. Ìwé òyìnbó tèmi dà bí ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ wọn lójú. Ojú ń tì wọ́n láti ṣí i níwájú ọmọ. Bí ìwé ṣe gorí wọ́dúróòbù nìyẹn, òun àti bàtà Kérésì, ọmọ kò sì tún fojú kan òmíràn títí ó fi wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó débẹ̀, nǹkan tí wọ́n fi ń pariwo mọ́ ọn ni ìwé jẹ́ lójú rẹ̀. Mi ò ní sọ pé èyí tó jẹ ló fà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo fi ọdún mẹ́ta gbáko ṣòfò.

Èkejì dé nígbà tí àkọ́bí pé ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, èrò pọ̀, láti aago mẹ́jọ la ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ káàdì rí mi bí mo ṣe na fóònù jìnnà, mò ń fi àwòrán òdòdó han ọmọ, mò ń pè é pé kó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò rí i o. Ibi tí ojú ọmọ tuntun ń dé dáadáa kò ju íńṣì mẹ́jọ sí méjìlá lọ. Láti ibi ọmú dé ojú ìyá ni." Ó ní dúdú lórí funfun ló ń tètè wọ̀ ọ́ lójú, àwọn àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú tí a máa ń rà fún ọmọ tuntun, píǹkì àti búlúù tó ti ṣá, kò lè fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ á máa mọ àwọ̀, títí dé bí oṣù kẹrin, ìkarùn-ún. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ọmọ ké, ọ̀rọ̀ parí.

Aránṣọ ni mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ íńṣì, ọwọ́ mi á máa wá téèpù. Mo délé, mo gbé e sọ́mú, mo na téèpù láti ojú rẹ̀ dé ojú mi. Mẹ́wàá, ó lé díẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kà nípa ètò kan tí àwọn dókítà ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1989. Reach Out and Read ni wọ́n ń pè é. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò, wọ́n á fún un ní ìwé ọmọdé, wọ́n á sì fi bí wọ́n ṣe ń kà á fún ọmọ hàn án. Ní 2014 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀ sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo òbí pé kí wọ́n máa kàwé sétí ọmọ láti ìgbà tó ṣì wà ní ìkókó. Káàdì àti abẹ́rẹ́ làwa ń gbà bọ̀ níbí. Èmi gba íńṣì mẹ́wàá mọ́ ọn, mo dúpẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tú àpò àjákù aṣọ mi palẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló nírú àpò bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà tí wọn ò béèrè. Mo gé aṣọ funfun ní íńṣì mẹ́fà-mẹ́fà, igun mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́jọ. Mo ki "stay" líle tí a fi ń ṣe kọ́là sáàárín kó lè dúró bí ewé ìwé. Aṣọ dúdú tó kù lára ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé ni mo fi gé àwòrán: òbìrìkìtì kan tó lójú méjì àti ẹnu, ìlà gbọọrọ mẹ́ta, ẹja, ọwọ́. Ọwọ́ àkọ́bí mi gan-an ni, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí ìka rẹ̀. Mo rán gbogbo etí àwòrán mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ń fi èékánná fà á níbi gbogbo, torí ohun tí èékánná mi bá lè tú, ẹ̀rìgì ọmọ á tú u. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ká fi bọ́tìnnì ṣe ojú ẹja, pé ó máa wuyì. Mo ní kí ni bọ́tìnnì ń wá lọ́nà ọ̀fun ọmọ? Kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ríbọ́ọ̀nù gígùn.

Mo gbé e síwájú rẹ̀ ní íńṣì mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ tó ń ta dúró. Ó tẹjú mọ́ ojú aláṣọ yẹn bí ẹni tó ń rántí ibi tó ti rí i rí. Mo ṣí ẹja, ó ṣe díẹ̀ kójú rẹ̀ tó bá a. Mo dá a padà sórí ojú, ẹsẹ̀ tún dúró. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yán. Mo fẹ́ tún gbé e sí i lójú, Ìyé ní, "Fi í sílẹ̀, ó ti yó." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń kàwé fún un dòní. Bó bá ti yíjú, ó ti yó. Mi ò ń kì í mọ́lẹ̀ bíi ti àgbo.

Àṣìṣe ńlá mi wà nínú ìwé kejì, èyí tó láwọ̀, tí mo rán nígbà tó pé oṣù márùn-ún. Mo ní àjákù àdìrẹ aláró kan tó dáa gan-an, mo fi ṣe òru, mo fi funfun gé òṣùpá lé e. Mi ò fọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí Ìyé ń pe Jésù. Ètè ọmọ ti dú, ẹ̀rìgì rẹ̀ dú, ahọ́n rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó mu yíǹkì. Wọ́n ti gbé e jáde lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n ní èémí ọmọ ń lọ, obìnrin mẹ́ta láti ojúlé kejì ti pé lé wọn lórí, ọ̀kan ti ń wá epo pupa. Èmi ni mo rí i pé ẹ̀rín lọmọ ń rín. Mo fi etí ìró mi nu ètè rẹ̀, aró ló bá a jáde. A ṣì gbé e lọ kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ mi ò lè ṣàpèjúwe ojú tí Ìyé fi wò mí lójú ọ̀nà. Látìgbà náà, aṣọ kankan kò wọ ìwé ọmọ lọ́dọ̀ mi àyàfi bí mo bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí mo sì fi aṣọ funfun tútù fún un mọ́ra. Bí funfun bá gbàwọ̀, mo jù ú padà sápò.

Kajú ni mo fi rọ́pò ápù. Bí ọdún bá ti wọ oṣù kejì títí dé ìkẹrin, kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kajú kì í ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo ti mú àjákù aṣọ òkè pupa kan tí oníbàárà láti Ògìdì fi sílẹ̀ (Ògìdì, ìlú ahunṣọ), mo fẹ́ fi gé e, Ìyé gbà á lọ́wọ́ mi. Bùnú ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ní pupa yẹn jọ aṣọ ipò jù, aṣọ tí wọ́n ń hun ní Bùnú láyé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà, pé kò ní í wọ ọwọ́ ọmọ àwọn. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo fi àǹkárá aláwọ̀ ọsàn gé kajú, Ìyé fúnra wọn ló sì fọwọ́ tọ́ka ibi tí kóró rẹ̀ máa wà, nísàlẹ̀, kí àwọn tó gbọ́n jù má lọ gbé e sókè. Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà odó, òkè tó yí ìlú wa ká, àti tírélà. Tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọbájáná, ọmọ ti ń gbọ́ fèrè rẹ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìwé yìí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú. Ibẹ̀ ni Ìyé ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo kàwé olùkọ́, bí mo bá ṣí i, "Kí nìyí? Kí nìyí?" ni, bí alábẹ̀wò tó bẹ ilé-ìwé wò. Ọmọ oṣù mẹ́fà, kí ló máa dá mi lóhùn? Ìyé kì í bi í ní nǹkan kan. Wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á kan àyà wọn, wọ́n á ṣí ewúrẹ́. "Hà! Ewúrẹ́ yìí náà rè é. Àná ló jẹ iṣu mi. Mo lé e, ó ní mẹ̀ẹ́ẹ̀! Mo ju igi lù ú, ó ní mẹ̀ẹ́ẹ̀! Ó sá gba ìdí odó..." Wọ́n á sì ṣí odó, gbì, gbì, gbì, wọ́n á máa fi orúnkún gbé ọmọ sókè sódò. Bí ewúrẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ tírélà, a ti mọ̀ pé ìjà ti dé. Ọjọ́ mìíràn ewúrẹ́ á lọ kí bàbá ọmọ ní Mopa. Òkun o, òkun o, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ á máa kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà, bí a ṣe ń kíra wa níbí. Mo dá aṣọ rírán dúró, mò ń gbọ́.

Ohun tí kì í sú ọmọ máa ń sú àgbà. Mo kà á lọ́jọ́ kan: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Ìyé ṣí ewúrẹ́ yẹn kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Èmi ì bá ti gbé e pa mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ewé ìwé kọjá, ó ń wá ẹni rẹ̀, bó bá dé ibẹ̀ á dúró, á wojú Ìyé, á dúró de "mẹ̀ẹ́ẹ̀." Bí ẹ bá pè é ní ìwé kíkà, mi ò ní jiyàn.

Lẹ́yìn aláṣọ ló kan páálí. Mo ṣàkíyèsí pé ojú ènìyàn ló fẹ́ràn jù, nítorí náà mo ní kí ayàwòrán bá mi fọ àwòrán mẹ́fà: Ìyé, bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, èmi, òun fúnra rẹ̀ nínú baafu. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá gbígbóná bò wọ́n, mo lu ihò sí i, mo fi okùn kúkúrú dè é. Ó dára, itọ́ ò ràn án, ọwọ́ ò ya á. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí igun ọ̀rá yẹn fi ya ọmọ létí ojú, ó ku díẹ̀ kó bọ́ sínú ẹyinjú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, èmi ló yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rá líle ní igun. Mo fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo igun rẹ̀ roboto. Báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe bí mo bá mú ìwé ọmọdé kankan lọ́jà ni kí n fi igun rẹ̀ tẹ inú ọwọ́ mi. Bó bá gún mi, mo dá a padà.

Àwọn kan wà tó ń ta ìwé àlòkù tó ń ti òkè òkun wá. Wọ́n máa ń dà wọ́n sórí tapólìn, ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ṣà. Ìwé páálí tó nípọn ń bẹ nínú wọn, owó pọ́ọ́kú, bí ojú ẹ bá là. Mo máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, torí èyí tó ti mu omi nínú ọkọ̀ máa ń rùn, dúdú á sì ti hù láàárín ewé rẹ̀. Mo máa ń fà á wò bóyá páálí ti ń là sí méjì. Èyí tí wọ́n fi píìnì dè, mi ò ń mú un fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn kan ní ilẹ̀kùn kéékèèké tí ọmọ á ṣí kó rí ẹranko lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má rà á bí ẹ kò bá fẹ́ gbá ilẹ̀kùn jọ nílẹ̀ lálẹ́. Àwòrán ńlá kan lójú ewé kan ni mò ń wá, kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ má ju ìlà kan lọ. Bí ewé kan bá ní ẹranko mọ́kànlélógún àti ìtàn tó kún ìdajì, ti ọmọ ọdún márùn-ún nìyẹn, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra pé ti ìkókó ni.

Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú wọn, Ìyé sì gbọ́dọ̀ kà á. Mo gé bébà funfun, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí, mo kọ Yorùbá gàdàgbà lé e. Ìyé ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kan mo kọ "igba" síbi tí ọmọ ti gbé abọ́ dání, mi ò fi àmì sí i, wọ́n ní, "Ta ní igba? Ṣé igba náírà ni àbí igbá?" Mo mú bírò, mo fi àmì sí i. Bíbélì ti sọ wọ́n di olùkọ́ mi. Mo fẹ́ràn ìwé Yorùbá gidi ju lílẹ̀mọ́ yìí lọ, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n wà, ìwọ̀nba ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tó bá sì dé, ti ọmọ ilé-ìwé ni, bébà fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá rí ẹni ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo máa ń ránṣẹ́. Yorùbá inú ìwé àti bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé kò dọ́gba délẹ̀, ọmọ kò sì bínú sí ọ̀kankan. Mo ń kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, Ìyé ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Bùnú.

Nígbà Kérésì, Bọ̀dá, àbúrò ọkọ mi, dé láti Àbújá. Wọ́n rí lílẹ̀mọ́ mi. "Ìyàwó wa, Yorùbá lo fi ń bo Gẹ̀ẹ́sì? O fẹ́ kí ọmọ yìí wá di ẹni ẹ̀yìn nílé-ìwé?" Mi ò gbé ohùn sókè, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún mi. Mo kàn sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Òkènè: pé Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bọ̀dá ní ti ìgbà yẹn nìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó padà, mo bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n ń fi ohùn tírélà pariwo, ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣe òsúkè.

Ti fóònù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má jókòó síwájú ojú amóhùnmáwòrán tàbí fóònù rárá. Bó bá jókòó, kí wọ́n máa kàwé tàbí pa ìtàn fún un. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣì gbé fóònù fún un lọ́sẹ̀ tí aṣọ ẹbí ogójì kún ilẹ̀ mi. Ìyé kò sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mi ò retí rárá ni ti àkọ́bí mi. Ó ti lé lọ́dún méje báyìí, ìwé kíkà ṣì ń nira fún un. Nílé-ìwé, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ̀rín ni. Mo wá ń rí i lálẹ́ tó ń gbé àbúrò rẹ̀ jókòó, tó ń ka ìwé páálí fún un, ìlà kan, ìlà kan, ó ń ta kókó, ó ń padà. Àbúrò kò mọ̀ pé ó ṣì í. Ohun tó bá pè ni ìwé wí. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, ó máa ń fò ó, á ní mẹ̀ẹ́ẹ̀, àbúrò á gbà. Lóṣù tó kọjá ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwé mìíràn wà lórí tapólìn, "èyí tó gùn díẹ̀." Mo fi ojú ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ohun ńlá kankan, mo ní a máa wò ó tí mo bá tún re Lọ́kọ́jà.

Ìwé tó jẹ ṣì wà lórí wọ́dúróòbù. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ka gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó dé ibi tí ewé ti fàya, ó ní, "Èmi ni mo jẹ ibí." Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó fẹ́ tọ́ ọ wò.

Etí ewúrẹ́ aláṣọ ti jẹ tán pátápátá, òwú ló kù níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí Ìyé gbé e wá sídìí máṣìnì, wọ́n gbé e lé orí bùbá oníbàárà tí mo ní kí wọ́n wá gbà lọ́sàn-án, wọ́n ní ká kọ́kọ́ ṣe èyí. Mo ní Ìyé, oníbàárà ń bọ̀ o. Wọ́n ní kó jókòó, àwọn á ka ìwé fún un.